Bí Mo Ṣe Ń Tọpa Ọ̀rọ̀ Kúkúrú: “Ma” Láti Èdè Dé Èdè

Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù láìfi àmì sí i: “Ma lọ.” Mo di fóònù mú, mo ń wò ó. Ṣé ó ní kí n máa lọ ni, àbí ó ní kí n má lọ? Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kó “ma” jọ sínú ìwé kan, láti èdè kan sí òmíràn. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá fẹ́ tọpa ọ̀rọ̀ kúkúrú èyíkéyìí lè rí ibi bẹ̀rẹ̀.

Èdè tìrẹ ni kó o kọ́kọ́ tú. Nínú Yorùbá, “má” ń dáni dúró, “máa” ń ní ká ṣe é, “mà” sì ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, bíi ká ní “ó mà dára o”. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nìyẹn. Bó o bá kó wọn pọ̀ sójú kan, gbogbo ohun tó o bá fi wọ́n wé lẹ́yìn náà máa wọ́ ni.

Tó o bá wá dé èdè ẹlòmíì, gba ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ohùn rẹ̀ àti bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ ọ́. Nínú Mandarin ti ilẹ̀ Ṣáínà, ohùn tó dúró lókè sọ “ma” di ìyá, ohùn tó ń gòkè sọ ọ́ di ewéko tí wọ́n ń fi ṣe okùn, ohùn tó sọ̀ kalẹ̀ tó tún gòkè sọ ọ́ di ẹṣin, èyí tó já wálẹ̀ sì ni kéèyàn bú ẹlòmíì. Wo àmì tí wọ́n fi ń kọ “ìyá” dáadáa, wàá rí àmì ẹṣin nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì obìnrin. Má ṣe hun ìtàn sí i o: ìró ni wọ́n torí rẹ̀ fi ẹṣin síbẹ̀, kò kan ìtumọ̀. Nínú Lárúbáwá, “mā” ni “kí ni”, ó tún lè jẹ́ “kò”. Omi náà jọ ọ́, àmọ́ àmì hamza, èyí tó ń fi hàn pé ọ̀fun pa dé lójijì, wà ní ìparí tirẹ̀. Ẹni tó bá ka àwọn méjèèjì ní lẹ́tà wa nìkan, tí wọ́n ti gbé hamza jù nù, á sọ omi di ìbéèrè.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ọjọ́ orí ọ̀rọ̀. Ítálì àti Faransé, ọmọ Látìn ni àwọn méjèèjì. “Ma” wà nínú Ítálì, “àmọ́” ni. “Ma” wà nínú Faransé, “tèmi” ni, tí ohun tá à ń sọ bá jẹ́ abo nínú gírámà wọn. Tọmọ-ìyá ni wọ́n, àbí? Rárá. Ti Faransé wá láti inú “mea” ti Látìn, ti Ítálì láti inú “magis”, tó túmọ̀ sí “jù bẹ́ẹ̀ lọ”. “Jù bẹ́ẹ̀ lọ” yí díẹ̀díẹ̀ di “kàkà bẹ́ẹ̀”, ó wá di “àmọ́”. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ìyá “ma” ti Ítálì ní Faransé gan-an ni “mais”. Nítorí náà, bi ọ̀rọ̀ léèrè bó ṣe rí látijọ́, kó o tó wo ojú tó ní lónìí.

Mo ti ṣìṣe níbi yìí rí. Mo rí “mā” nínú Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, tó ń ṣe iṣẹ́ “má” tiwa gẹ́lẹ́. Orí mi wú. Mo dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ní ìbátan ni wọ́n. Àgbà olùkọ́ kan gbọ́ mi tán, ó ní, “Ó dáa. Àwọn ẹbí tó kù ńkọ́?” Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ohun tó ń béèrè ni pé, èdè tó bá tan máa ń bára wọn mu lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Níbi tí Látìn bá ti ní “p” níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, “f” ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ní: pater àti father, piscis àti fish, pes àti foot. Ọdún 1822 ni Jacob Grimm ti Jámánì to irú ìlà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé. Ẹbí Látìn àti Gẹ̀ẹ́sì ni Sanskrit náà, àmọ́ bàbá, ẹja àti ẹsẹ̀ tiwa kò bá wọn tò. “Má” àti “mā” kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni.

Ìṣirò pàápàá sọ ọ́. Yorùbá ní kọ́ńsónáǹtì 18, fáwẹ̀lì àìránmúpè 7, ohùn 3: sílébù 378 péré nìyẹn, ká tó ka àránmúpè. Gbogbo èdè ló ń bu ọ̀rọ̀ kúkúrú nínú irú ìkòkò kékeré bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn ló ń fi ọ̀nà tó gbà hàn: “àl-” tó wà níwájú “àlùbáríkà”, ti Lárúbáwá ni.

Ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ẹnu ìkókó pẹ̀lú. Ètè tó pa dé ló ń bí “m”, ìdí nìyẹn tí “mama” fi kún ayé. Nínú èdè orílẹ̀-èdè Georgia, bàbá ni “mama”. Ìyá ni “deda”.

Ìlà márùn-ún ni mo fà sínú ìwé mi fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, bó ṣe ń dún, ìtumọ̀ rẹ̀, bó ṣe rí látijọ́, àwọn ẹbí rẹ̀. Èyí tí mi ò bá rí, mo máa ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Jàpáànù ni mo kọ kẹ́yìn. “Ma” wọn ni àlàfo tó wà láàárín nǹkan méjì. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni, àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Ṣáínà, nítorí náà ọ̀nà méjì ni mo pín in sí: ọ̀kan fún ìró, ọ̀kan fún àmì. Ẹnu ọ̀nà ni àmì náà, oòrùn sì wà láàárín ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì.