Bí ẹ ó ṣe yan àdúgbò tí ìdílé yín yóò gbé ní Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ kó ìdílé wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìbáà ṣe láti Kétu, láti Ṣábẹ̀ tàbí láti apá Nàìjíríà, kó má tíì wá ilé. Kó mú bébà kan, kó kọ ibi tí oníkálukú yóò máa lọ láàárọ̀ sí i, àti aago tó gbọ́dọ̀ débẹ̀: ibi iṣẹ́ bàbá, ọjà ìyá, ilé-ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan, ilé-ìwòsàn tí ìyá àgbà ti ń gba oògùn. Àdúgbò tó bá bébà yìí mu ni kí ẹ wá ilé sí. Ìdàkejì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Wọ́n á rí ilé tó dára, tí owó rẹ̀ rọjú, wọ́n á san án, kò sì ní pẹ́ tí gbogbo ohun tí wọ́n rò pé àwọn jèrè lórí owó ilé yóò fi wọ àpò ọlọ́kadà, ìyẹn àwọn zémidjan.

Afárá ló kọ́kọ́ ń pinnu. Àríwá ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ wà, Kútọ̀nù sì jìnnà sí i tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Kútọ̀nù gbọ́dọ̀ gba orí afárá kọjá, kó dé oríta Sèmè, kó tó bọ́ sí títì ńlá. Ouando, tí ọjà rẹ̀ ń gba èrò láti gbogbo agbègbè, wà ní òkè ìlú lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń gbé lẹ́yìn Ouando tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Kútọ̀nù ní láti la gbogbo ìlú já kó tó débi tí ẹni tó ń gbé nítòsí afárá ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá wà ní Kútọ̀nù, ẹ wo àwọn àdúgbò ìhà gúúsù ìlú, tàbí kí ẹ sọdá sí Djèrègbé. Bí ó bá jẹ́ Missérété, Sakété tàbí Pobè ni iṣẹ́ wà, tàbí ọjà Ouando fúnra rẹ̀, ìgbà náà ni Ouando àti Tokpota tọ́ sí yín. Oníṣòwò tó ń gba Ìgólò wọ Nàìjíríà yóò rí i pé ìhà Avrankou ló rọ òun lọ́rùn. Èyí tó ń gba Kraké, kó wo ọ̀nà Sèmè.

Ẹ dán ìrìn náà wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ Àìkú, nítorí ọ̀nà ọjọ́ Àìkú máa ń tan ni jẹ. Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ ṣe é, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, láti ẹnu ọ̀nà ilé náà títí dé ibi iṣẹ́, kí ẹ sì tún padà láàárín aago mẹ́fà sí méje alẹ́. Ẹ kọ owó tí ẹ san ní àlọ àti àbọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọjọ́ iṣẹ́ nínú oṣù, kí ẹ fi kún owó ilé. Àròpọ̀ yẹn gan-an ni owó ilé. Ilé olówó ńlá nítòsí máa ń rọjú ju ilé olówó kékeré tó wà lókèèrè lọ, pàápàá bí àwọn tó ń jáde nínú ilé bá ju méjì lọ.

Àjàṣẹ́ tí démarcheur ń pè

Lẹ́nu démarcheur, ìyẹn ẹni tó ń bá ni wá ilé, Àjàṣẹ́ kì í parí. Ó lè mú yín dé Akpro-Missérété, Adjarra, Avrankou tàbí Djèrègbé tó jẹ́ ti Sèmè-Podji, kó ṣì máa pè é ní Àjàṣẹ́. Kò burú láti gbé níbẹ̀. Adjarra pàápàá ní ọjà tó ń ná ní ọrọọrún, oúnjẹ sì máa ń rọjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú mìíràn (commune) nìyẹn lójú ìjọba: mairie ibẹ̀, ìyẹn ilé ìjọba ìlú, ni ẹ ó ti máa ṣe ìwé, olórí àdúgbò ibẹ̀ ni yóò máa fọwọ́ sí i, àwọn zémidjan Àjàṣẹ́ sì lè béèrè ìlọ́po méjì owó lọ́wọ́ yín bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ bi í tààrà pé: "Arrondissement wo ni ibí yìí wà, ti commune wo?" Arrondissement, ìyẹn ẹ̀ka ìlú, márùn-ún ni Àjàṣẹ́ ní. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ bi ará ilé tó kángun síbẹ̀.

Àárín ìlú àtijọ́ ní ìwà tirẹ̀. Gbogbo nǹkan súnmọ́ra níbẹ̀, ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé, Yorùbá ni ẹ ó sì máa gbọ́ lójú ọ̀nà ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni ilé ẹbí. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ jẹ́ ogún tí ọmọ mẹ́wàá tàbí ogún jọ ni ín. Ọ̀kan nínú wọn á gbowó lọ́wọ́ yín, òmíràn á dé láti ìlú òyìnbó lọ́dún tó ń bọ̀, á ní òun kò mọ̀ sí i. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín tí ẹbí fi yan ẹni tó ń gba owó, kí àgbà méjì nínú ẹbí sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn yín.

Omi

Ibí ni ìyà ti ń jẹ àjòjì jù. Omi méjì ló ń wọ ilé ní agbègbè yìí, ìgbà tí wọ́n ń dé kò sì bára mu. Èkíní ni omi òjò tó rọ̀ síbẹ̀, láti oṣù kẹrin dé oṣù keje. Oṣù kẹfà ló máa ń le jù. Orí ilẹ̀ pupa tó ga ni ọ̀pọ̀ ìlú náà wà, omi á ti ibẹ̀ ṣàn wá sí àwọn ibi tó rẹlẹ̀ bíi Zounvi, á dúró síbẹ̀. Èkejì ni omi odò Ouémé. Òjò tó rọ̀ ní àríwá orílẹ̀-èdè láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mú kí ọ̀sà kún ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, kódà bí ẹ̀kán òjò kan kò bá bọ́ ní Àjàṣẹ́. Nítorí náà, ilé tó gbẹ ní oṣù kẹfà lè wà nínú omi ní oṣù kẹwàá, pàápàá létí ọ̀sà ní ìhà Djassin àti Louho, àti ní òdìkejì ọ̀sà. Ẹni tó wá wo ilé ní oṣù kejìlá kò rí nǹkan kan.

Bí ẹ kò bá lè dúró dé ìgbà omi, ẹ ka àmì rẹ̀. Ẹ má wo ògiri ilé tí wọ́n fẹ́ fún yín, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà ni. Ògiri aládùúgbò, òpó iná àti ìdí igi àgbọn ni kí ẹ wò: ìlà dúdú tàbí àwọ̀ ewé tó gba ibi kan náà lára gbogbo wọn ni gíga omi. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà àwọn ilé tó wà nítòsí. Bí gbogbo wọn bá ti fi búlọ́ọ̀kù méjì tàbí mẹ́ta dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹ wo bóyá àpò iyanrìn tàbí pákó gígùn wà lẹ́yìn ilé. Bí fèrèsé bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, wọ́n ti da iyanrìn sórí von náà, ìyẹn ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ inú àdúgbò, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí wọ́n bá ti fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ́ von tó sì ga ju àgbàlá lọ, ilé náà ti di abọ́, gbogbo omi von yóò máa wọ inú rẹ̀. Ewé togblé, ewéko tó ń léfòó lórí omi, tó gbẹ mọ́ ọgbà jẹ́rìí pé ọ̀sà ti débẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má bi onílé. Ẹ dá zémidjan kan dúró lẹ́nu von, kí ẹ ní: "Ní oṣù kẹwàá, ṣé ẹ máa ń wọ ibí yìí?" Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ìdáhùn ti dé. Ìyá tó ń ta ògì láàárọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ iye ọjọ́ tí kò lè tẹ́ tábìlì.

Ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú kan tún wà létí omi tí wọ́n fi pàǹtí kún kí wọ́n tó kọ́lé sí i. Pàǹtí náà ń jẹrà lábẹ́, ilẹ̀ á máa wọlẹ̀. Àmì rẹ̀ ni lílà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tó sì ń dábùú ògiri lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Lílà tẹ́ẹ́rẹ́ lára sìmẹ́ǹtì kò ṣe nǹkan. Èyí tí owó fàdákà lè wọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Omi mímu àti iná

Bí omi ẹ̀rọ SONEB, iléeṣẹ́ omi, bá ti dé von, ẹ béèrè bóyá mítà ilé náà dá dúró tàbí ìdílé márùn-ún ló ń lò ó, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ náà ní aago méje àárọ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pọn. Bí kànga ni, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn àlàfo láàárín rẹ̀ àti ilé ìgbẹ́, ti aládùúgbò pẹ̀lú. Kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà 15, kí kànga sì wà ní òkè, kí ilé ìgbẹ́ wà ní ìsàlẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa kànga máa ń jìn, ìyẹn sì dára. Lórí iyanrìn ìhà Djèrègbé àti Sèmè, omi wà nítòsí ojú ilẹ̀, ohun tó bá jò láti ilé ìgbẹ́ kì í pẹ́ débẹ̀. Kànga bẹ́ẹ̀, ẹ fi fọ aṣọ nìkan.

Ní ti iná, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni décompteur. Onílé ní mítà SBEE, iléeṣẹ́ iná, kan, ó wá so mítà kékeré fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan, òun ló sì ń pinnu iye tí kilowatt-wákàtí kan jẹ́. Ẹ jẹ́ kó fi ìwé owó iná oṣù tó kọjá hàn yín, kí ẹ fi iye tó ń gbà wé e. Ilé tó ní mítà tirẹ̀ níye lórí ju èyí lọ, kódà bí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ ga. Ní àwọn àdúgbò tuntun, wáyà lè ti ojúlé tó jìnnà wá lórí igi. Irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń rọ̀ bí gbogbo ènìyàn bá tan iná. Ẹ padà lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn iná. Fóòltì 220 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ó bá ti wá sílẹ̀ ju 190 lọ, fíríìjì yín yóò máa kùn láìtutù, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́.

Ilé-ìwé

Láti 2006 ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ti di ọ̀fẹ́, nítorí náà yàrá máa ń kún. Ẹ lọ ka àwọn ọmọ nínú kíláàsì fúnra yín, ẹ má gbára lé ẹnu ọ̀gá. Fún àwọn ọmọ tó dàgbà, ìlú ni lycée ńlá bíi Béhanzin wà, nítorí náà ẹni tó ní ọmọ méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbọdọ̀ jìnnà jù sí àárín ìlú. Ẹ má kó ọmọ tó wà ní kíláàsì ìdánwò, ìyẹn CM2, troisième tàbí terminale, kúrò láàárín ọdún: ibi tó wà ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún CEP, BEPC tàbí BAC. Kó parí ìdánwò ná. Ọmọ tó ti Nàìjíríà wá tí kò gbọ́ Faransé, ẹ retí pé kíláàsì rẹ̀ lè padà sẹ́yìn, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ nílé láti ọjọ́ kìíní.

Aládùúgbò

Ẹ lọ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ gbọ́ ohun tí maquis (ilé oúnjẹ àti ọtí) àti ìjọ ń ṣe sí etí. Ẹ bi àwọn àgbà nípa Orò, ọjọ́ tó ń jáde àti wákàtí tí obìnrin kò gbọdọ̀ wà níta, nítorí ìyàwó tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ àti ọmọbìnrin tó ń lọ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ibi tí àwọn Gùn pọ̀ sí, Zangbeto, àwọn ẹ̀ṣọ́ òru wọn, ni kí ẹ béèrè.

Ohun kan wà tí àwa kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà lé lórí: ilé tó fara kan ibi tí wọ́n ń kó kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, pamọ́ sí. Kì í ṣe tábìlì ìgò mélòó kan lójú títì la ń sọ, yàrá tí wọ́n to jẹ́ríkàn sí ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, irú ibẹ̀ jóná ní Sèmè-Kraké, ẹni tó lé ní ọgbọ̀n sì kú. Ẹ rìn yí ilé náà ká, kí ẹ fi imú gbọ́ òórùn.

Owó, ìwé àti ìgbà

Ẹ bá démarcheur sọ iye tí yóò gbà kí ẹ tó bá a rìn, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró títí kọ́kọ́rọ́ yóò fi wọ ọwọ́ yín. Òfin 2018-12 lórí ilé gbígbé kò gba onílé láyè láti gba ju owó oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ṣì ń béèrè mẹ́fà. Ẹ rọra rán wọn létí òfin. Bí wọ́n bá yarí, ilé mìíràn wà. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí fún gbogbo owó, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà orí mítà iná àti ti omi sínú ìwé àdéhùn lọ́jọ́ tí ẹ wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó san gbèsè ẹni tó jáde.

Ẹ má ra ilẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ gbé ilé háyà títí omi méjèèjì yóò fi kọjá lójú yín. Bí ẹ bá wá fẹ́ rà, titre foncier nìkan ni ìwé tó fi yín jẹ onílẹ̀ tán. Convention de vente, ìwé àdéhùn títà, jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ san owó ni. Ẹ mú nọ́ńbà ilẹ̀ náà lọ sí ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá ní Sèmè-Podji. Bí wọn kò bá tíì ṣe lotissement, ìyẹn pínpín ilẹ̀ àti líla ọ̀nà, níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà yóò jẹ nínú ilẹ̀ yín, ibi tí ẹ rà sì lè má jẹ́ ibi tí wọn yóò fún yín.

Ní ti ìgbà, ẹ wá ilé ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń fi ọ̀pọ̀ àléébù hàn, kí ẹ sì kó ẹrù ní oṣù kẹjọ. Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà, von á gbẹ, ilé-ìwé kò sì tíì wọlé, nítorí àárín oṣù kẹsàn-án ni. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ ẹrù wá wo von náà ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó kó. Ọkọ̀ tó bá rì sínú iyanrìn ní ìwọ̀n igba mítà sí ilé, orí ni ẹ ó fi ru fíríìjì dé iwájú ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó bá sì gbà yín là yóò sọ iye owó wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e dé àárín ọ̀nà.