Bí mo ṣe fún ẹ̀rọ mílíìn àtijọ́ ní ọpọlọ tuntun

Ẹ̀rọ mílíìn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gé irin sí bí a bá ṣe fẹ́, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ Bridgeport tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe ní ìlú Leicester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín àwọn ọdún 1980, ó sì ti wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọ̀tà fún ọdún mẹ́ta láìgé irin kankan. Ara rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá: tábìlì rẹ̀ ń yọ̀ geere bí a bá fi ọwọ́ yí i, mọ́tọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń tì í sì yí nígbà tí mo fi bátìrì ọkọ̀ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, ló kú. Bátìrì kékeré tó ń bá a tọ́jú ìrántí ti ṣomi sórí bọ́ọ̀dù, omi náà sì ti jẹ ojú wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ tán. Iye tí ẹni tó ní òun lè tún un ṣe bù fún wa ju iye tí a fi ra odindi ẹ̀rọ lọ.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà mí ni pé kí n gbé e lọ sí Òwòdé Onírin, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí n sì gba owó irin. N kò gbà, nítorí pé irin tó wúwo tó báyìí, tí kì í gbọ̀n bí ó bá ń gé, kò sí lára àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tuntun tí owó mi ká. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ọkàn sí láti máa darí ẹ̀rọ náà ni LinuxCNC, èyí tó ti inú iṣẹ́ NIST jáde ní àwọn ọdún 1990, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n àti ìlànà, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní EMC. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí i láti wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí ó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i, n kò ní tún máa wá ẹnì kan ṣoṣo tó mọ àṣírí rẹ̀ kiri.

Ọ̀rọ̀ mọ́tọ̀ ló gba ìrònú jù. Àwọn kan máa ń tú gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n á lọ ra stepper, ìyẹn mọ́tọ̀ tó ń yí ní ìṣísẹ̀ kéékèèké. Ìfowóṣòfò ni mo ka ìyẹn sí bí servo àtijọ́, ìyẹn mọ́tọ̀ tí a ń ṣọ́ ibi tó dé bó ṣe ń yí, bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn servo drive inú pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ yìí, ìyẹn ohun tó ń fún mọ́tọ̀ ní iná, kò mọ kọ̀ǹpútà kankan, fóòtì nìkan ni wọ́n ń gbọ́: bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá, wọ́n á yí mọ́tọ̀ síwájú tagbáratagbára, bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá òdì, wọ́n á yí i sẹ́yìn, bí ó bá sì jẹ́ òdo, wọ́n á dúró. Ẹni tí yóò máa bá wọn sọ èdè fóòtì yẹn ni mo ń wá, káàdì Mesa méjì ló sì ṣe é: 6i25 wọ inú kọ̀ǹpútà, 7i77 sì wọ inú pánẹ́ẹ̀lì, ó ní ojú mẹ́fà tó ń gbé fóòtì jáde, ojú mẹ́fà fún ẹnkódà tó ń ka bí mọ́tọ̀ ṣe yí tó, 32 tó ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ àwọn swíìṣì, àti 16 tó ń darí relay, ìyẹn swíìṣì tí iná ń tì.

Kọ̀ǹpútà náà, àlòkù ọ́fíìsì ni, Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti rà á. Kì í ṣe agbára ni èèyàn ń wá lára rẹ̀ bí kò ṣe pé kí ó má máa pẹ́ dáhùn, nítorí pé ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni LinuxCNC ń bi ẹ̀rọ léèrè ibi tó dé tí ó sì ń fún un ní àṣẹ tuntun. Ìdánwò wà nínú ètò náà tó ń fi ìpẹ́dáhùn yìí hàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ó ń fò dé nǹkan bí 400 màíkíròsẹ́kọ́ńdì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo wọ BIOS, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, lọ pa gbogbo ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà náà ṣọ́ iná lò, kò kọjá 40 mọ́, bí a tilẹ̀ fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni èmi àti ọmọṣẹ́ mi fi tọ wáyà. Kò sí àwòrán iná kankan tó bá ẹ̀rọ náà wá, nítorí náà a fi téèpù oníwèé sí orí wáyà kọ̀ọ̀kan, a kọ nọ́ńbà sí i, a sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà kí a tó gé e. Bọ́tìnnì pupa ìdádúró ni mo kọ́kọ́ parí. Ó gbọ́dọ̀ já iná àwọn drive fúnra rẹ̀ nípasẹ̀ relay, kí ó má ṣe máa dúró de kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kàn ń gbọ́ pé a ti tẹ̀ ẹ́ ni.

Mo pààrọ̀ àwọn ẹnkódà pẹ̀lú, mo lo irú tó ní ìlà 1,000 fún ìyípo kan. Bí a bá ka etí ìlà méjèèjì lórí A àti B, ìyẹn ojú méjì tó ń ka ìlà, ó di 4,000 fún ìyípo kan, níwọ̀n ìgbà tí ball screw, ìyẹn súkúrù gígùn tí mọ́tọ̀ ń yí, sì ń gbé tábìlì lọ ní mílímítà márùn-ún fún ìyípo kan, 800 ló jẹ́ fún mílímítà kọ̀ọ̀kan.

Orí apá Y, ìyẹn ìrìn tábìlì síwájú àti sẹ́yìn, ni mo ti ṣe àṣìṣe tí n kò lè gbàgbé. Ìlà kan wà nínú fáìlì ètò tí wọ́n ń pè ní FERROR, tó ń sọ bí tábìlì ṣe lè jìnnà tó sí ibi tí kọ̀ǹpútà rán an kí gbogbo nǹkan tó dúró. Kí ó má baà máa dá mi dúró nígbà ìdánwò, mo kọ 100 mílímítà síbẹ̀. Bí mo ti gbé iná sí i báyìí, mọ́tọ̀ han gooro, tábìlì ta kúrò níwájú mi, ọmọṣẹ́ mi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sì kígbe pé, “Ọ̀gá, ó ń sá lọ o!” Ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́tìnnì pupa kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ó ti rin 63 mílímítà, ó sì ku bí ìka méjì kí ó kan òpin.

Ohun tó fà á ni pé ẹnkódà Y ń kà sẹ́yìn nígbà tí tábìlì ń lọ síwájú. Kọ̀ǹpútà rò pé tábìlì ń padà sẹ́yìn, ó ń fi fóòtì kún un kí ó lè tì í síwájú, bó sì ṣe ń fi kún un ni ọ̀rọ̀ ń burú sí i. Àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo ló tán an: mo sọ 800 di -800. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pa iná drive, tí mo ń fi ọwọ́ yí screw, tí mo sì ń wo nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà kí n tó gbé iná sí apá kankan. FERROR sì ti di mílímítà kan.

Títún ìdáhùn servo ṣe kò le tó bí mo ti rò. Mo fi súkúrù orí drive kọ̀ọ̀kan mú kí mọ́tọ̀ dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí fóòtì bá jẹ́ òdo, mo ṣètò FF1, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ iye fóòtì tí eré kọ̀ọ̀kan gbà, lẹ́yìn náà ni mo gbé P, nọ́ńbà tó ń sọ bí ó ṣe máa fi agbára tún àṣìṣe àyè ṣe tó, sókè díẹ̀díẹ̀ títí tí mọ́tọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, mo sì dín in kù.

Ìṣòro tó yọ mí lẹ́nu jù wá lẹ́yìn èyí. Nígbàkígbà tí spindle, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí ọ̀bẹ ìgé, bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, X, ìyẹn ìrìn tábìlì sí ọ̀tún àti òsì, ń ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀. Mo fura sí ariwo iná láti ara ẹ̀rọ tó ń darí eré spindle, mo pààrọ̀ wáyà sí èyí tí wọ́n fi irin híhun bò, mo so irin náà mọ́ ilẹ̀ ní apá pánẹ́ẹ̀lì nìkan, síbẹ̀ kò lọ tán. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó wo jọ́ńpà orí 7i77, àwọn ìkànpọ̀ kékeré tí a fi ń yan ipò, dáadáa: àwọn ẹnkódà mi jẹ́ irú tó ń fi wáyà méjì méjì gbé àmì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn jọ́ńpà ṣì wà ní ipò oníwáyà kan. Mo ṣí wọn nípò, ọ̀rọ̀ sì parí.

Nítorí iná NEPA, mo ra UPS fún kọ̀ǹpútà nìkan. Àwọn mọ́tọ̀ á dúró bí iná bá lọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò ṣì máa ka ẹnkódà, yóò sì mọ ibi tí tábìlì dúró sí títí tí jẹnẹrétọ̀ á fi dáhùn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a gé ni ẹyọ bíráàsì tó ń tẹ ẹnu ọ̀rá píọ̀ wọ́tà pọ̀. 40 mílímítà ni mo fẹ́. Ọmọṣẹ́ mi wọ̀n ọ́n lápá X, ó jẹ́ 40.01. Ó wọ̀n ọ́n lápá Y, ó jẹ́ 40.06, nítorí pé ball screw ibẹ̀ ti jẹ. Mo ti fi BACKLASH, ìlà tó ń dí àlàfo inú screw, bò ó nínú fáìlì, ó sì dín kù, ṣùgbọ́n n óò ṣí nọ́ọ̀tì rẹ̀ láti pààrọ̀ àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ bí wọ́n bá ti dé.