Bí Mo Ṣe Sọ Pàǹtí Ojú Asẹ́ Di Èédú Tó Ń Fọ Omi Ẹ̀gbin

Níbi iṣẹ́ mi ní Lẹ́kí, níbi tí a ti ń fọ omi ẹ̀gbin, omi ilé ìgbẹ́ àti omi ìwẹ̀ gbogbo ilé tó wà nínú ọgbà ló ń ṣàn wá sọ́dọ̀ wa. Asẹ́ irin ló kọ́kọ́ ń pàdé rẹ̀, kí pàǹtí má baà há sẹ́nu ẹ̀rọ. Àràárọ̀ ni mò ń ha ojú asẹ́ náà: wáìpù tí wọ́n fi nu ìdí ọmọ, pádì, irun, ọ̀rá pure water. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wáìpù ń yòrò bíi tíṣù. Kì í yòrò, òwú ike ló wà nínú púpọ̀ rẹ̀. Inú àpò la máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí lọ sí ààtàn, omi rẹ̀ á máa kán sílẹ̀ títí dé ojú títì. Ó máa ń dùn mí.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń sun èédú lápá Ṣakí ni mo ti rí ọgbọ́n. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi yẹ̀pẹ̀ bo igi tó ń jó. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí atẹ́gùn bá rọ́nà wọlé, eérú lo máa bá.” Ohun tí a bá fi ooru yan láìsí atẹ́gùn, omi àti gáàsì inú rẹ̀ á jáde, á ku èédú tó kún fún ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí. Inú ihò wọ̀nyẹn ni ohun tó ń mú omi rùn, tó sì ń pa á láwọ̀, máa ń há sí. Biochar ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Mo ní kí n sun pàǹtí ojú asẹ́ wa bẹ́ẹ̀ nínú dúróòmù. Mo wọ ìbọ̀wọ́, bàtà òjò àti ìbòmú, torí àrùn wà nínú pàǹtí yìí. Mo fọ̀ ọ́, mo fún un, mo sì ṣà á. Ẹ má fojú kékeré wo ṣíṣà yẹn: bí ike PVC, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, bá bọ́ sínú iná, èéfín ásíìdì ló ń yọ, májèlé tó burú jùyẹn lọ sì lè bá a jáde.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo kánjú. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi sá a sóòrùn kí n tó sun ún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú, àárín rẹ̀ ṣì tutù, òórùn rẹ̀ sì lé mi sẹ́yìn. Ìgbà kejì, ó gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n ìdérí dúróòmù kò dé pinpin. Eérú ni mo bá, bí bàbá ti wí gẹ́lẹ́.

Ìgbà kẹta, kílò 20 tó tutù di nǹkan bíi kílò 5 lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú oòrùn. Mo po ṣúkù àgbàdo gbígbẹ mọ́ ọn, torí wáìpù nìkan máa ń yọ́ lẹ̀ pọ̀ bí ọ̀dà. Mo lu ihò mẹ́rin sí ìdí dúróòmù kékeré, mo kó ẹrù sí i, mo fi amọ̀ dí etí ìdérí rẹ̀, mo gbé e sínú dúróòmù ńlá, mo wá to igi yí i ká. Nígbà tó yá, gáàsì tó ń gba ìdí rẹ̀ jáde gbaná, ó ń dún fùùù, igi tí mo ń kó sí i sì dínkù. Ọjọ́ kejì ni mo tó ṣí i, torí èédú gbígbóná tó bá pàdé atẹ́gùn á tún gbaná. Ó dúdú bí kóró iṣin, ó sì ń dún bí àfọ́kù àwo. Mo jó bí ọmọdé!

Láti dán èédú náà wò, mo kán methylene blue, aró búlúù tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ń lò, sínú ìgò omi méjì, mo da èédú lílọ̀ sí ọ̀kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọ̀ èyí tó ní èédú ti ṣí dáadáa, èkejì ò yí padà.

Mo wá to òkúta wẹ́wẹ́, èédú àti yanrìn sínú dúróòmù mìíràn, mo gbé e sẹ́yìn àgbá tí omi ti ń tòrò, ṣáájú ibi tí a ti ń da kílórínì. Omi tó ń wọlé dà bíi tíì. Èyí tó ń jáde mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn rẹ̀ sì fò lọ. Síbẹ̀ kì í ṣe omi mímu, n kò sì ní da èédú yìí sí ẹ̀bá ẹ̀fọ́: iná ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n òjé àti irú rẹ̀ kì í jó, inú èédú ni wọ́n ń kù sí.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, òórùn padà. Ihò èédú ti kún. Mo kó o jáde, mo sá a gbẹ, mo sì fi dáná sun pàǹtí tó kàn. Eérú rẹ̀, bíi garawa kan, ni mo gbé lọ sí ààtàn.