Bí Mo Ṣe Tẹ Káàdì Àjọ fún Oníbàárà 93 Tí Kò Sí

₦13,950 ni mo san fún onítẹ̀wé ní ìparí oṣù tó kọjá lórí káàdì àjọ àwọn ènìyàn tí ìyá kankan kò bí. Káàdì 93 ni, ₦150 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́mbà wà lórí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ yẹ kí ó wà ṣófo, òdo ni ó sì wà níbi iye owó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tú ìdì náà wò níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Tákìé, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ṣé àwọn òkú Ògbómọ̀ṣọ́ náà ti ń dá àjọ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, nítorí pé èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ó ka àwọn oníbàárà náà, èmi náà ni mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé kò lè ṣì wọ́n kà.

Alájọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Oníbàárà 412 ni wọ́n ní, nọ́mbà káàdì tí ó ga jù lọ lọ́wọ́ wọn sì jẹ́ 505, nítorí pé àwọn kan ti fi àjọ sílẹ̀ tí nọ́mbà wọn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí oṣù bá parí, oníbàárà yóò kó owó rẹ̀, alájọ yóò yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀, àkọsílẹ̀ oníbàárà náà yóò sì padà sí òdo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òdo yẹn sọ́kàn.

C++, ọ̀kan lára àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ ètò náà. Bí mo ṣe ka fáìlì, àti bí mo ṣe ṣe ojú ibi tí ọmọ iṣẹ́ wọn ń tẹ owó sí, kò ní ohun ìyanu kankan nínú. Ibi tí mo kó àkọsílẹ̀ oníbàárà pamọ́ sí ni ọ̀rọ̀ wà: std::unordered_map, àtẹ hash tí ó ti wà lára irinṣẹ́ tí C++ fúnra rẹ̀ ń gbé wá láti ọdún 2011. Bí a bá fún un ní nọ́mbà, yóò ṣe ìṣirò kan lórí nọ́mbà náà, ìṣirò yẹn ni yóò sì fi mọ àpótí tí yóò lọ tààrà, dípò kí ó máa tú ilé láti òkè dé ilẹ̀. Yálà oníbàárà jẹ́ 10 tàbí 100,000, àkókò tí ó fi ń rí ẹnì kan kì í sábà yàtọ̀. Mo fi èyí yangàn fún ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá yóò máa bá wọn jí láàárọ̀ lọ gba owó.

Ohun tí wọ́n bẹ̀ mí fún lẹ́yìn náà ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ àwọn nọ́mbà tí ó ṣófo, kí wọ́n lè fi wọ́n fún oníbàárà tuntun. Mo kọ fọ́ńṣọ̀n kan, ìyẹn apá kékeré nínú ètò tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan, tí ó ń lọ láti 1 dé 505, tí ó sì ń bi àtẹ náà léèrè nípa nọ́mbà kọ̀ọ̀kan báyìí:

if (iwe[n].owo == 0) sofo.push_back(n);

Ìyẹn ni pé bí owó tí ó wà lábẹ́ nọ́mbà n nínú iwe, orúkọ tí mo fún àtẹ náà, bá jẹ́ òdo, kí ó fi n kún àkójọ sofo. Ìlà kan péré. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ, oru méjì gbáko ni mo sì fi san án padà.

Ní oru àkọ́kọ́, ọmọ iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù, pé ó ń tẹ nọ́mbà tí kò sí. Kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì ti bẹ̀ ẹ́. Mo yí sí fáìlì, mo ń wá ìlà òfìfo ní ìparí rẹ̀, kò sí. Mo ní bóyá iná ni ó lọ nígbà tí ètò ń kọ fáìlì, bẹ́ẹ̀ inverter wà nílé. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, mo bínú sí àtẹ náà gan-an, pàápàá nítorí pé orúkọ oníbàárà máa ń jáde láti inú rẹ̀ ní wúruwùru. Python, èdè mìíràn, ni mo ti ń lò tẹ́lẹ̀, dict tirẹ̀, tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ àtẹ yìí, sì ń pa bí nǹkan ṣe tẹ̀lé ara wọn nígbà tí a kó wọn sínú rẹ̀ mọ́ láti ẹ̀yà 3.7, unordered_map kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́.

Ní oru kejì, mo mú ẹ̀dà fáìlì tí mo ti fi pamọ́ kí a tó tẹ káàdì, mo yọ unordered_map kúrò, mo fi std::map rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó máa ń to nọ́mbà láti kékeré sí ńlá, mo sì tún gbogbo iṣẹ́ ìparí oṣù ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ jáde ní 1, 2, 3, títí dé 505. Ó dára lójú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pọn omi tíì, kí n tó rí nọ́mbà 38. Ẹni tí ó ni nọ́mbà 38 ti kó lọ sí Ìlọrin tipẹ́. Mo bá wò ó láti òkè: kò sí àlàfo kankan níbì kankan. 412 àti 93 jẹ́ 505. Kì í ṣe pé oníbàárà ń pọ̀ sí i, ẹnì kan ni ó ń dí gbogbo ihò tí ó wà láàárín wọn.

Mo ní kí ètò máa tẹ iwe.size(), ìyẹn iye àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú àtẹ, jáde lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí ó ka fáìlì, 412. Lẹ́yìn tí a tẹ owó wọlé, 412. Lẹ́yìn fọ́ńṣọ̀n tí ń wá nọ́mbà tí ó ṣófo, 505. Fọ́ńṣọ̀n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó wò lọ!

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àkámọ́ onígun mẹ́rin yẹn, [ ], kì í ṣe ìbéèrè ní C++. Bí a bá kọ iwe[38], ó di dandan kí ó gbé nǹkan kan lé wa lọ́wọ́ tí a lè kọ owó sí. Bí 38 kò bá sí níbẹ̀, yóò dá a, yóò fi orúkọ òfìfo àti òdo sí i, yóò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí láé. N kò lè sọ pé kò wúlò: ẹni tí ó ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde yóò kàn kọ ++iye[oro], kò ní bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà ti wà. Ṣùgbọ́n dict ti Python yóò pariwo KeyError, pé ohun tí o ń wá kò sí, èdè Go yóò fún ọ ní òdo láì fi ohunkóhun kún àtẹ rẹ̀, àṣà àwọn méjèèjì ni mo sì gbé wọ ibi tí kò ti bá a mu. std::map náà ń ṣe bákan náà, ìdí nìyẹn tí pípààrọ̀ rẹ̀ kò fi yí iye náà padà.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé compiler, ètò tí ó ń túmọ̀ ohun tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, ti kìlọ̀ fún mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ fọ́ńṣọ̀n yẹn, mo fi const síwájú àtẹ náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí tí ó sọ pé òun kò ní fọwọ́ kan ohun tí òun ń wò. Compiler kọ̀, ó ní "discards qualifiers", pé mo ń da ìlérí const yẹn nù. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ti lù, ebi ń pa mí, mo yọ const kúrò, ó sì gbà. Compiler ń sọ fún mi pé àkámọ́ yẹn lè fi nǹkan kún àtẹ, èmi sì pa á lẹ́nu mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn:

if (iwe.find(n) == iwe.end()) sofo.push_back(n);

Èyí ń béèrè bóyá nọ́mbà n kò sí nínú àtẹ rárá, kò sì dá ohunkóhun. Mo dá const padà, compiler kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ẹni tí ó bá ń lo C++20 lè kọ contains, ó sì rọrùn kà ju èyí lọ. Àtúnṣe kan náà yìí ni ó gbà wá lọ́wọ́ àṣìṣe mìíràn tí n kò tilẹ̀ tíì rí: nọ́mbà 217, ìyá oníṣu kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ rẹ̀ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òdo, ti wọ inú àwọn nọ́mbà tí ó ṣófo, ó sì ku díẹ̀ kí a fi nọ́mbà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nítorí rẹ̀ ni n kò ṣe lè pa gbogbo olódo rẹ́ nínú fáìlì. Àwọn tí kò ní orúkọ nìkan ni mo yọ. Bí mo bá tún un kọ lónìí, map lásán ni n óò lò, nítorí pé fún ènìyàn 412, kò sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀ ìyára, àìsí àlàfo ì bá sì ti hàn sí mi láti oru àkọ́kọ́.

Káàdì 93 náà kò ṣòfò tán, nítorí pé nọ́mbà tí ó ṣófo lóòótọ́ ni ó wà lórí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ kọ orúkọ oníbàárà tuntun sí wọn. Títí di àárọ̀ àná, 16 ti lọ, ó ku 77. Mo béèrè bóyá wọ́n lè máa dá owó mi padà díẹ̀díẹ̀ bí káàdì ṣe ń lọ. Wọ́n na ọ̀kan sí mi, wọ́n ní kí n máa dá a.