Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń pín àṣẹ VM lórí Proxmox

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó sáfà, bí òṣìṣẹ́ kan bá ti wà nínú ẹgbẹ́, ẹ má tún kọ àṣẹ VM (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà) sí orúkọ òun nìkan. Nínú gbogbo àṣìṣe orí Proxmox, ètò tí a fi ń ṣàkóso àwọn VM, èyí ni mo kà sí eléwu jù, torí pé kì í tètè hàn. Àṣẹ tí a kọ sórí orúkọ ẹnì kan máa ń rọ́pò àṣẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ohun kan náà. Kì í ṣe pé ó ń kún un.

Ká ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń dán iṣẹ́ wò ní àṣẹ tí Proxmox ń pè ní PVEVMUser: wọ́n lè tan VM, wọ́n lè pa á, wọ́n sì lè ṣí console rẹ̀ (ojú ìwòye rẹ̀). Iṣẹ́ pàjáwìrì dé, ẹ fún ọ̀kan nínú wọn ní PVEVMAdmin, ìyẹn àṣẹ kíkún, lórí VM 105. Iṣẹ́ parí, kò sẹ́ni tó rántí. Nígbà tí ẹ bá wá yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, ẹ ó rò pé ọ̀nà ti dí. Kò dí o! Ó ṣì lè pa VM yẹn rẹ́ pátápátá. Ẹ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹnì kan péré ni yóò wà níbẹ̀. Nínú terminal sáfà, ẹ tẹ <code>pveum user permissions orúkọ@pve</code>, ẹ ó rí gbogbo àṣẹ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì ni fífún ẹgbẹ́ láṣẹ lórí /vms, ibi tó kó gbogbo VM pọ̀, pẹ̀lú Propagate, tó ń mú kí àṣẹ náà kan gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àtàwọn VM tó wà lónìí, àtèyí tí ẹ máa dá lọ́la, gbogbo rẹ̀ ló di tiwọn. Ẹ kó VM wọn sínú pool (àkójọ VM tí ẹ fúnra yín dá sílẹ̀), kí ẹ sì fún ẹgbẹ́ láṣẹ lórí pool náà. Bí wọ́n bá ní àwọn ò rí VM tuntun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò tíì fi sínú pool ni. Ẹ fi sí i. Ẹ má ṣe torí ìkánjú ṣílẹ̀kùn gbogbo.

Ẹ má pín ọ̀rọ̀ aṣínà root@pam, àkáǹtì olórí tó ní gbogbo àṣẹ, kiri. Orúkọ kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ yóò máa gbé jáde, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó pa VM.

Ẹ rántí pé Proxmox kò mọ ohun tó ń lọ nínú VM fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì lè gba SSH tàbí RDP (àwọn ọ̀nà tí a ń gbà wọ kọ̀ǹpútà láti ibi jíjìn) wọlé, àfi kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ SSH rẹ̀ àti àkáǹtì rẹ̀ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú.