Bí mo ṣe fi ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ṣe ọkọ̀ ìje oníjókòó kan ní Kàbà

Ìjàpá ni mo kọ́kọ́ fojú sí, kì í ṣe ọ̀kadà. Volkswagen ìjàpá bàbá mi ti wà lábẹ́ igi máńgòrò nílé wa láti ìgbà tí mo wà ní girama. Mo sì mọ̀ pé irú rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Formula Vee, irú ìje ọkọ̀ oníjókòó kan, ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1965: ẹ́ńjìnnì 1200cc, jíà rẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, kí ẹni tówó rẹ̀ ò tó náà lè sáré. Niki Lauda pàápàá, tó wá gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Formula 1, gba ibẹ̀ kọjá.

Mo tú u. Àwa mẹ́ta la gbé ẹ́ńjìnnì náà, ẹ̀yìn dùn mí di ọjọ́ kejì. Inú rẹ̀ ti dípẹtà, mo wá písítìnì rẹ̀ dé Ìsánlú, n kò rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa bí omi.

Lókè òkun náà, àwọn kan pa ìje olówó kékeré tó ń lo ẹ́ńjìnnì mọ́tò tì: wọ́n fi Formula Ford tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 sílẹ̀, wọn ò sì sún mọ́ Formula 4 tí FIA, àjọ tó ń ṣàkóso ìje ọkọ̀ lágbàáyé, gbé kalẹ̀ ní 2014. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù 1000cc ni wọ́n ń lò: ó fúyẹ́, ó ń yí ju 10,000 lọ níṣẹ́jú kan, jíà rẹ̀ sì wà nínú ikùn rẹ̀. Tèmi ò ju 200cc lọ, ẹnì kan ló dá gbé e.

Mo kó páìpù lọ bá bàbá wẹ́dà.

“Okun o, ọmọ mi. Pósí lo fẹ́ kàn ni?”

“Rárá o, Bàbá. Ọkọ̀ ni, ẹ bá mi jó o.”

Ṣéènì ló fìyà jẹ mí jù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé pápá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jíà kejì ni, gbàù! Ṣéènì já bọ́, ó fa pákó ìjókòó ya, ìka méjì péré ló kù kó dé itan mi. Mo na okùn bíríkìlà láti sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, irin eléyín tí ṣéènì ń kọ́, dé tẹ̀yìn: tẹ̀yìn fi ìwọ̀n hóró ọkà bàbà kan yà sápá kan. Wáṣà méjì ló tún un ṣe. Mo wá jó irin bo ṣéènì náà, torí ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Atẹ́gùn ni ọ̀kadà fi ń tutù, ẹ̀yìn mi ni tèmi sì wà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti ń rọ. Mo gé páànù ṣe bí àrọ sápá òsì, kó máa darí atẹ́gùn sí i. Ti ọ́ìlì ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Alùpùpù a máa dẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà, ọ́ìlì rẹ̀ ò ní ṣí kúrò lójú kan. Ọkọ̀ kì í dẹ̀gbẹ́, ọ́ìlì á ṣàn sápá kan, pọ́ǹpù á máa fa atẹ́gùn. Àwọn tó ń lo 1000 a máa fi irin pín inú àwo ọ́ìlì. Èmi kàn ń yí sọ́tùn-ún, yí sósì ni, n kì í yípo sápá kan pẹ́.

Ọ̀kadà ò sì ní jíà ẹ̀yìn. Ní Sátidé tó kọjá, mo kó sínú koríko ní ìpẹ̀kun pápá. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń gbé ìdí rẹ̀ yí díẹ̀díẹ̀, òógùn bò mí. Bàbá wẹ́dà jókòó síbòòji, wọ́n ń wò mí.

“Ìjàpá,” ni wọ́n wí, “ìbá ti fẹ̀yìn rìn jáde.”