Bí a ṣe ń tako owó orí àlejò tó sùn mọ́jú kó tó di òfin káńsù ní Ògbómọ̀ṣọ́

Owó orí tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ṣòro láti dá dúró. Ọjọ́ tí ẹ bá ti gbọ́ pé káńsù fẹ́ máa gbowó lórí àlejò tó bá sun òtẹ́ẹ̀lì mọ́jú ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí agbowó-orí bá ti wá kanlẹ̀kùn, ó ti pẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ káńsù tí ọ̀rọ̀ kàn. Kínńirá ni ọ́fíìsì Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá wà, ti Gúúsù wà ní Arówómọlẹ̀. Ẹ yọ rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù tàbí owó ilé (owó orí tí káńsù ń gbà lórí ilé, kì í ṣe owó háyà) tí òtẹ́ẹ̀lì san kẹ́yìn wò. Káńsù tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ibẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí. Lẹ́tà tó bá ṣìnà lọ sí káńsù kejì, inú fáìlì ni yóò sùn sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ẹ̀dà àbá òfin náà, torí ohun tí rédíò sọ kò tó. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 gbà kí ẹnikẹ́ni béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba láìsọ ìdí, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì ní láti fi fèsì. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní 2025 pé òfin náà de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀, kí wọ́n kọ déètì àti orúkọ ẹni tó gbà á sórí ẹ̀dà yín kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n á kó ìwé sílẹ̀ fún akọ̀wé, wọn ò ní ẹ̀rí kankan, bó bá sì dọ̀la, káńsù á ní kò sẹ́ni tó rí lẹ́tà.

Bí àbá náà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ibi tó sọ ẹni tí í ṣe àlejò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé ó kan ẹbí aláìsàn tó wá dúró ti ènìyàn wọn ní ọsibítù Bowen? Òbí tó wá síbi ìkẹ́kọ̀ọ́yege ní yunifásítì LAUTECH ńkọ́, àti ilé àlejò ti ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ tún wò ó bóyá iye kan náà ni wọ́n bù lé gbogbo yàrá, torí ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń le. Ká ní ₦1,000 lóru kan ni. Lórí yàrá ₦40,000, ìdá 2.5 nínú 100 ni. Lórí yàrá ₦6,000, ó lé ní ìdá 16. Ẹni tó wá tọ́jú ìyá rẹ̀ fún òru 5 yóò san ₦5,000 lórí owó yàrá, ó kù díẹ̀ kó tó owó òru kan sí i. Ẹ kọ ìṣirò yìí sójú ewé kan ṣoṣo. Òun ni káńsẹ́lọ̀ yóò rántí.

Ẹ ṣe ìṣirò owó tí káńsù ń retí náà. Bó bá jẹ́ ₦1,000 yẹn náà ni, òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 15 tí 6 ń kún lóru kò lè mú ju ₦180,000 wá lóṣù. Bí wọ́n bá ka gbogbo yàrá, wọ́n á rò pé ₦450,000 ni. Ìwé àkọsílẹ̀ àlejò oṣù 12 ni ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ fi bébà bo orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà kí ẹ tó ṣe fọ́tókọ́pì.

Ní ti òfin, ẹ fún agbẹjọ́rò ní ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni òfin 1998 tó to owó orí tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ: owó ṣọ́ọ̀bù, owó ilé, owó páàkì, owó pátákó ìpolówó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Owó lórí àlejò tó sùn mọ́jú kò sí níbẹ̀. Èkejì, ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ní Àfikún Kẹrin sọ pé owó ilé pàápàá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń la ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe káńsù fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta, òtẹ́ẹ̀lì ti ń gba VAT, owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí ọjà àti iṣẹ́, ìdá 7.5 nínú 100 lọ́wọ́ oníbàárà. Ní 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ ìjọba Èkó àti Eko Hotels pé owó orí ọjà ti ìpínlẹ̀ kò tún gbọdọ̀ gun orí ohun tí VAT ti kàn. Ẹ ṣọ́ra o: bí káńsù bá rí i pé orúkọ “owó orí” ń dá wàhálà sílẹ̀, wọ́n lè pè é ní owó ìmọ́tótó tàbí owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún owó náà.

Ẹ tún kó ìbuwọ́lùwé àwọn tí kò fẹ́ owó orí náà jọ. Ìwé ìbuwọ́lùwé gbọ́dọ̀ ní orúkọ, wọ́ọ̀dù, àdírẹ́sì àti déètì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan bá mọ́kànlá buwọ́ lù ú. Ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà máa ń hàn kedere lójú ìwé. Kì í ṣe olówó òtẹ́ẹ̀lì nìkan o: ẹni tó ń se oúnjẹ, alágbàfọ̀, ọlọ́kadà tó ń gbé àlejò láti Tákíé, gbogbo wọn lọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín nílé kí ìpàdé tí káńsù yóò ti jíròrò àbá náà tó dé, ẹni mẹ́ta péré, ẹ má kó èrò lọ. Ẹ fún un ní ewé ìṣirò yẹn, kí ẹ sì dá àbá mìíràn, bíi kí wọ́n gba owó pátákó ìpolówó tó wà nínú òfin dáadáa. Ẹni tó bá kàn ń pariwo pé òun kò san nǹkan kan, wọn kì í gbọ́ tirẹ̀. Olówó òtẹ́ẹ̀lì tó bá yọ́ lọ bá alága dúnàádúrà ní tirẹ̀ nìkan ló sì máa ń fọ́ ẹgbẹ́.

Ẹ má torí ìjà yìí dá owó tó ti bófin mu dúró, kí wọ́n má bàa rí ìdí ti ilẹ̀kùn yín pa. Bí àbá náà bá sì di òfin, ẹ kọ̀wé sí káńsù pé ẹ ń san án lábẹ́ àtakò, kí ẹ san án sí àkáǹtì káńsù ní báńkì, ẹ má kó o lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ẹ sì kó gbogbo rìsíìtì fún agbẹjọ́rò tó ń gbé ẹjọ́ lọ.